“Àkáǹtì Tuntun Wo?”

“Bàbá Ìbejì, ẹ ò tíì sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa kó kàlẹ́ńdà wa wá o. A ti sanwó láti ìrọ̀lẹ́ àná.”

Ìyá tó ni ilé ìwé kan ní Ìkòròdú ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè yẹn, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, íǹkì ti kún ọwọ́ mi, èjìká ni mo fi há fóònù mọ́ etí. Mo ní, “Mà, owó wo? Mi ò rí álẹ́ẹ̀tì kankan.” Wọ́n ní ₦860,000 ni, pé inú àkáǹtì tuntun tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ni bọ́sà san án sí.

Àkáǹtì tuntun wo?

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣì mí mú ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya ìwé náà ní fọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó máa wọlé, ìwé mi ni. Lẹ́tà hẹ́dì tí èmi fúnra mi yà ní ọdún 2011. Nọ́ńbà BN tí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, fún mi. Òǹtẹ̀ mi, tó máa ń dagun sápá òsì torí pé ìdí ẹ̀ ti yẹ̀, tí mi ò sì tún un ṣe. Ìbuwọ́lùwé mi. Iye kàlẹ́ńdà pé, iye owó pé géérégé. Kódà, ẹni yẹn kọ “Ẹ kú ìmúra ọdún” sísàlẹ̀, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ bó bá ti di oṣù kẹwàá.

Mo fi ìka méjì fa àwòrán náà kó tóbi. Láti ọdún 2003 ni mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ojú mi kì í fi lẹ́tà ṣeré. Gill Sans ni mo fi ń kọ gbogbo ínfọ́ìsì mi. Ẹni tó bá mọ Gill Sans á mọ̀ pé 1 tiẹ̀ kò ní imú: igi gbọọrọ kan ni, bí ìgbà téèyàn kàn fi rúlà fa ìlà. 1 méjì ló wà nínú nọ́ńbà àkáǹtì tó wà níwájú mi yìí, àwọn méjèèjì ló sì ní imú. Arial ni. Ẹnì kan ti pa nọ́ńbà tèmi rẹ́, ó kọ tiẹ̀ síbẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Òógùn tutù bò mí.

Mo ti tẹ lẹ́tà hẹ́dì fún èèyàn tí mi ò lè kà tán, àmọ́ mi ò rò ó rí pé tèmi já mọ́ ohun tí ẹnì kan lè jí. Mo rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan nirú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí, kì í ṣe ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord 64 kan, ẹ̀rọ ìgéwèé kan àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ńlá ní àwọn tó ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó sanwó. Lọ́dọ̀ tiwa, ojúlùmọ̀ la fi ń sanwó.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ń tì mí lójú dòní. Mo dojú kọ ọmọ tó ń ṣe dísáìnì fún mi. Òun ló máa ń jókòó sídìí CorelDRAW, òun ló mọ ibi tí fáìlì ínfọ́ìsì wà. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó ṣí WhatsApp ẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Mo pe ẹ̀gbọ́n tó mú un wá síṣẹ́ lórí fóònù. Ọmọ ń sunkún, ó ń fi Bíbélì búra, èmi ń pariwo, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ti pé lé wa lórí. Aago mẹ́sàn-án ni Mà pè mí. Nígbà tí mo fi máa rántí pé ó yẹ kí ẹnì kan pe báńkì, aago mọ́kànlá ti lù.

Nígbà tó yá, tí àwọn ọlọ́pàá rí àkọsílẹ̀ àkáǹtì yẹn gbà, a rí i níbẹ̀ pé ₦300,000 jáde láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbà tí mò ń tú fóònù ọmọ ọlọ́mọ wò nìyẹn.

Báńkì tèmi ni mo sáré lọ. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n káàánú mi, wọ́n ní kò sóhun tí àwọn lè ṣe: owó ò kúrò lọ́dọ̀ àwọn, kò sì wọlé sọ́dọ̀ àwọn. Ẹni tó sanwó ló gbọ́dọ̀ fẹjọ́ sun báńkì tiẹ̀, báńkì tiẹ̀ ló máa kàn sí báńkì tí owó wọ̀, àwọn yẹn ló lè ti àkáǹtì ọ̀hún pa. Ká ní mo mọ̀ ni, gbólóhùn kan ni ǹ bá sọ fún Mà láago mẹ́sàn-án: “Ẹ jọ̀ọ́, kí bọ́sà pe báńkì yín báyìí, kó ní jìbìtì ni.” Lẹ́yìn ìyẹn ni ǹ bá tó wá pariwo. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n tó ti àkáǹtì náà pa. ₦41,300 ló kù nínú ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Ìkòròdú. Bọ́sà wọn, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti to gbogbo ìwé síwájú. Mo rọra bi í: “Nígbà tẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn, orúkọ ta ló jáde?” Torí pé bí èèyàn bá ti tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá àkáǹtì sórí fóònù, orúkọ ẹni tó ni ín á yọ kí owó tó kúrò. Ó ní orúkọ obìnrin kan ni. Ó ní òun dúró, òun wò ó dáadáa.

“Mo rò pé ìyàwó yín ni, sà.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ṣí fáìlì, ó fi hàn mí. Nínú oṣù kẹta ọdún yẹn, mo ní kí wọ́n san owó káàdì èsì ìdánwò sínú àkáǹtì ìyàwó mi. Lọ́dún tó ṣáájú, ti àbúrò mi ni. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí mo ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó bá mi tún ẹ̀rọ ṣe. Bá a bá ka tèmi mọ́ ọn, àkáǹtì mẹ́rin láàárín ọdún méjì, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́.

Kí ló dé tí mò ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo jẹ báńkì ní gbèsè. Ẹ̀yáwó tí mo fi ra ẹ̀rọ ìgéwèé ni, owó kankan ò sì lè wọ àkáǹtì ilé iṣẹ́ kí báńkì má yọ tiẹ̀ kí n tó mọ̀. Ni mo bá ń mú owó oníbàárà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni o. “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì yẹn ò dáa” ni mo máa ń wí. Bí mo ṣe kọ́ àwọn oníbàárà mi nìyẹn pé àkáǹtì mi lè yí padà nígbàkígbà, pé orúkọ yòówù tó bá jáde, kí wọ́n máa sanwó lọ. Àga tí mo ti gbé kalẹ̀ ni olè yẹn wá jókòó lé.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo búra nílé ẹjọ́, mo kọ ẹ̀sùn, wọ́n ní abala 22 nínú òfin ọ̀ràn orí kọ̀ǹpútà ọdún 2015 ló bá jíjí orúkọ ẹlòmíràn lò wí. Wọ́n rí obìnrin tó ni àkáǹtì náà. Ó ní ẹnì kan lórí fóònù ló ní kí òun bá ẹni náà gba owó, kí òun yọ ₦20,000 tòun níbẹ̀. Ẹni orí fóònù yẹn, a ò rí i títí dòní.

Àmọ́ báwo ló ṣe mọ iye kàlẹ́ńdà àti iye owó? Àbúrò ìyàwó mi, tó gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ló bá mi jókòó sídìí ímeèlì mi lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ti yí pásíwọ̀dù padà láti ọjọ́ Túsìdeè, mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ó ní ká wo ibi tí Google máa ń to àwọn ẹ̀rọ tó ti wọ ímeèlì èèyàn sí. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tiwa, oṣù kẹsàn-án ló ti wọlé. Oṣù kẹsàn-án ni jẹnẹrétọ̀ wa bàjẹ́, tí mo lọ fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan. Òjò ń ṣú, mo sáré jáde. Mi ò rántí pé mo ti ímeèlì náà pa. Mi ò ní búra pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mi mú, torí pásíwọ̀dù ọ̀hún náà, orúkọ àwọn ìbejì mi àti ọdún tí a bí wọn ni, gbogbo ibi ni mo sì ti ń lò ó.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ṣì wà nísàlẹ̀. Nínú ètò ímeèlì, níbi tí wọ́n kọ Filters sí, ẹnì kan ti fi àṣẹ kan síbẹ̀: lẹ́tà yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ ilé ìwé Ìkòròdú yìí wá, kó má ṣe dé iwájú mi, kó gba ọ̀dọ̀ àdírẹ́sì kan tí mi ò mọ̀ rí kọjá lọ. Mo pe bọ́sà lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Sà, mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ yín ní Fúráídeè pé ṣé lóòótọ́ lẹ yí àkáǹtì padà. Ẹ sì dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.”

Olè ló dá a lóhùn, láti inú ilé mi.

Ẹ wò ó, gbogbo pásíwọ̀dù tí mo yí yẹn, àṣẹ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ì bá wà níbẹ̀ di ọdún mìíràn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti lo ímeèlì yẹn fún ọdún mọ́kànlá, mi ò ṣí ojú ìwé yẹn rí. Bẹ́ ẹ bá ń fi ímeèlì gbowó, ẹ ṣí i lónìí, ẹ wo Filters, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Forwarding sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́, torí àwọn ọlọ́pàá máa béèrè.

Èmi àti Mà parí ọ̀rọ̀ náà bí àgbà. Wọ́n ra bébà, mo tẹ kàlẹ́ńdà náà láìgba owó iṣẹ́. Mo sùn sí ṣọ́ọ̀bù fún òru mẹ́ta kí ó lè tètè jáde. Ìgbà tí mo gbé e dé, wọn ò bínú, àmọ́ wọ́n ka páálí kọ̀ọ̀kan níṣojú mi, ohun tí wọn ò ṣe rí láti ọdún mẹ́fà tá a ti jọ ń ṣe é bọ̀. Ọmọ tó ń ṣe dísáìnì fún mi ò dúró di ọdún tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ òun ń lọ.

Mo rò pé ó tán. Oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun di ọ̀wọ́n tí gbogbo ìlú ń sanwó sínú àkáǹtì ara wọn, Alhaji tí mò ń ra bébà lọ́wọ́ wọn ní Muṣin pè mí. “Ṣé ìwọ lo rán ọmọkùnrin kan wá gba 60 réèmù láwìn?” Ọmọkùnrin náà mú lẹ́tà mi dání, ó mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí CAC mi, ó tún mú ẹ̀dà NIN mi. Alhaji ní kó jókòó kí àwọn pe ọ̀gá ẹ̀ ná. Kí wọ́n tó tẹ nọ́ńbà mi tán, ọmọ ti rìn.

Mi ò tiẹ̀ nílò ọlọ́pàá láti mọ ibi tí àwọn ìwé yẹn ti jáde. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá ní kí n wá forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún mi níṣẹ́, ẹ̀dà CAC àti NIN ni mo máa ń so mọ́ lẹ́tà. Inú ímeèlì yẹn kan náà ni gbogbo ẹ̀ kún. Mo tiẹ̀ ya ìwé ẹ̀rí CAC sórí WhatsApp mi nígbà kan, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ojúlówó ni mí! Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ kan wà lọ́dọ̀ CAC lè lọ wò ó fúnra ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà BN dà bí orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹnu géètì: ó sọ ẹni tó ni ilé, kò sọ ẹni tó dúró síbẹ̀.

Nísinsìnyí, bí wọ́n bá béèrè ẹ̀dà NIN, mo máa ń fi bírò kọ ọ́ gba àárín ìwé náà kọjá pé ibi báyìí ni mo kó o fún, ọjọ́ báyìí, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Mo máa ń jẹ́ kí ìkọ̀wé náà gba orí nọ́ńbà àti fọ́tò mi kọjá, torí ohun tó bá wà létí ìwé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á, NIN orí áàpù NIMC, àjọ tó ń fún wa ní NIN, ni mo máa ń fún wọn, èyí tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 16, tó máa ń kú lẹ́yìn wákàtí 72. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ń gbà á. Èèyàn á kọ́kọ́ béèrè ná.

Oríṣiríṣi ìmọ̀ràn ni mo gbà nígbà yẹn. Ẹnì kan ní kí n máa fi PDF ránṣẹ́, pé kò ṣeé yí. Ẹ̀rín pa mí. CorelDRAW máa ń ṣí PDF bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀, iṣẹ́ tí à ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Òmíràn ní kí n ṣe òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà. Òǹtẹ̀ wúrà, lórí fọ́tò? Ìwé ò lè jẹ́rìí ara ẹ̀. Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ ti Muṣin, fóònù tí Alhaji gbé ni.

Mo wá kó orúkọ àwọn oníbàárà mi jọ, 37 ni wọ́n. Mo pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn pé láti òní lọ, àkáǹtì kan ṣoṣo ni, orúkọ ilé iṣẹ́ mi bó ṣe wà lọ́dọ̀ CAC ló gbọ́dọ̀ jáde, bí orúkọ mìíràn bá jáde, kí wọ́n má sanwó, bó tiẹ̀ jẹ́ èmi ni mo ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá béèrè ohun tó dé tí mo fi ń yí i tẹ́lẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbèsè. Ìyẹn ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Mo sọ ọ́ nígbà mẹ́tàdínlógójì. Ẹni bíi mẹ́rin ló rẹ́rìn-ín, wọ́n ní báńkì ń lé àwọn náà. Mo lọ bá báńkì, a tún ètò gbèsè náà ṣe kí wọ́n máa yọ ọ́ lóṣooṣù dípò gbogbo ìgbà tí owó bá wọlé. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè gbà, torí mi ò béèrè rí.

Ímeèlì mi ti ní ààbò onígbèésẹ̀ méjì báyìí: lẹ́yìn pásíwọ̀dù, ó tún máa ń béèrè kóòdù. Inú áàpù ni kóòdù ti ń jáde, kì í ṣe lórí SIM, torí wọ́n lè gba SIM èèyàn lẹ́yìn ẹ̀. Mo fi PIN ti SIM fúnra ẹ̀, kó má baà ṣiṣẹ́ nínú fóònù mìíràn bí wọ́n bá jí i. Ẹ rọra o: bẹ́ ẹ bá ṣi PIN yẹn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó máa tì pa, PUK, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí SIM tó bá tì, lẹ máa wá kiri. Ó ti ṣe mí rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ǹ bá fò, àmọ́ kò ní jẹ́ òótọ́ bí mo bá fò ó. Ìwé tó bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń tà á fún àwọn tó ń ta ẹ̀pà àti àkàrà. Gbogbo wa là ń ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọdún 2023 yẹn, mo ra àkàrà níkòríta, mo tú u lábẹ́ gílóòbù. Epo ti jẹ́ kí ìwé náà mọ́ gaara, ó ṣeé kà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ: orúkọ àwọn òbí ilé ìwé jẹ́léósinmi kan, nọ́ńbà fóònù wọn, àdírẹ́sì ilé, orúkọ ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti jáde. Ibi tí pléètì ti yẹ̀ nílà kẹta, mo dá a mọ̀. Èmi tí mò ń sunkún kiri pé wọ́n jí orúkọ mi, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ń dì àkàrà.

Mi ò jẹ àkàrà yẹn tán. Láti ìgbà yẹn, ìwé tó bá lórúkọ èèyàn, lábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé ló ń kọjá kó tó kúrò nílẹ̀, a máa ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọ́. Ìyá alákàrà bínú sí mi fúngbà díẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Ohùn Mà ni, wọ́n ní kí n fi 200 kún iye káàdì, pé bọ́sà máa sanwó tó kù lọ́sàn-án. Mo ní ó dáa, Mà, mò ń bọ̀. Mo pa fóònù, mo tẹ nọ́ńbà wọn tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dún, ó dún, kí wọ́n tó gbé e.

“Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò mọ ohùn mi mọ́ ni? Fóònù ọmọ mi ni mo fi pè yín, tèmi wà lórí iná.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Mà.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “200 náà ni o,” wọ́n sì pa á.